Igi Wọ́rọ́kọ́ Di Ọlọ́lá

Àwọn àgbà ní igi wọ́rọ́kọ́ ní í da iná rú. Ó dáa. Ẹ wọ ilé oúnjẹ olówó ńlá kan ní Victoria Island lónìí, kẹ́ ẹ wo ibi tí igi wọ́rọ́kọ́ wà. Òun ni káńtà tó wà níwájú, ó kun fáníṣì, gílóòbù ń tàn lábẹ́ rẹ̀, ẹ̀yin lẹ wà lórí ìdúró.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò owó ibẹ̀. Igi wọ́ nínú igbó, Ọlọ́run ò gba kọ́bọ̀. A sanwó fún onígẹdú kó là á kó gún gbọọrọ. A tún wá sanwó fún ayàwòrán ilé kó bá wa wọ́ ọ padà, ó ní òun fẹ́ kó jọ ìṣẹ̀dá. Ìṣẹ̀dá tí ẹ gé lulẹ̀ ńkọ́, ọ̀gá?

Wèrè yìí kò kúkú bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Michael Thonet ni kẹ́ ẹ bá wí, káfíńtà ará Jámánì tó kó lọ sí Vienna. Àwa ń sọ pé kékeré la ti ń pa ẹ̀kan ìrókò, bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a. Thonet ò gbọ́ Yorùbá. Igi tó ti dàgbà, tó ti kú, ló fi ooru omi sè bí ẹni ń se mọ́ínmọ́ín, ó de irin mọ́ ọn lẹ́yìn kó má baà ya, ó sì tẹ̀ ẹ́. Àga Nọ́ńbà 14 rẹ̀, ti ọdún 1859, kò ju igi mẹ́fà, skúrù mẹ́wàá àti nọ́ọ̀tì méjì lọ. Bí wọ́n bá tú u, àga 36 ń wọ inú àpótí tó jẹ́ mítà kan lóròó, mítà kan níbùú, mítà kan ní gíga. Kọ̀ńdọ́ọ̀tọ̀ dánfó kan ò tíì kó èrò dé ibẹ̀ rí, bó ti wù kó pariwo "ẹ sún mọ́ra" tó.

Alvar Aalto ará Finland tún wá bù kún un. Níbi ìpàtẹ àgbáyé ní New York lọ́dún 1939, ó fi pákó ṣe ògiri tó ń ru bí ìgbì òkun, tó tún dà gẹ̀ẹ̀rẹ̀ sórí èrò. Ayé pàtẹ́wọ́. Bó bá jẹ́ bíríkìlà wa ló mọ irú ògiri bẹ́ẹ̀, àgọ́ ọlọ́pàá ni ì bá sùn.

Káfíńtà tiwa ò ní ìkòkò tó gba igi. Ayùn ló fi ń fa ìlà sí ẹ̀yìn pátákó MDF, ìlà lórí ìlà, títí tí yóò fi gbà fún un. Gọ̀mbọ́ lẹ́yìn, fọ́mákà lójú! Pátákó nìkan ni mo mọ̀ tó kọlà sí ìpàkọ́. Ẹ bi í léèrè ọjọ́ tí yóò parí: "Ọ̀gá mi, ó ku fáníṣì." Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ti wọ́ kí pákó tó wọ́.

Mo fẹ́ràn igi wọ́rọ́kọ́ náà o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Kò ní igun tó máa gún èèyàn ní ìbàdí. Ó sì ti sọ yín di gbajúmọ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan, tẹ́ ẹ fi ya fọ́tò ogójì. Aáyán pàápàá ń dúpẹ́: àlàfo tó wà láàárín kọ́bọ́ọ̀dù tó tẹ̀ àti ògiri tí kò tẹ̀, ìgbálẹ̀ ò dé ibẹ̀, onílé ò sì gba owó ilé lọ́wọ́ wọn.

Ṣùgbọ́n ta ló ní kí wọ́n gbé káńtà rọ̀bọ̀tọ̀ wọ báńkì ní ilẹ̀ Nàìjíríà? Káńtà gbọọrọ ní orí, ó ní ìdí, apẹ́lẹ́yìn mọ ara rẹ̀. Rọ̀bọ̀tọ̀ ò ní ìdí. Àlàájà ní ọwọ́ ọ̀tún ni orí láìnì. Bàbá Ìbejì ní ọwọ́ òsì ni, òun sì ti wà níbẹ̀ láti òwúrọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gba àárín wọlé, ó ní ìbéèrè péré lòun fẹ́ bi wọ́n. Ọlọ́dẹ wò wọ́n títí, ó lọ gbé àga rọ́bà márùn-ún wá láti ẹ̀yìnkùlé, ó tò wọ́n gbọọrọ síwájú iṣẹ́ ọnà olówó iyebíye náà, ó ní: "Ẹ jókòó bẹ́ ẹ ṣe dé."