Jíìpù Ọnarébù Kì Í Dàgbà

Bí Iléyá bá ku ọjọ́ mẹ́ta, fèrè ni a ó kọ́kọ́ gbọ́ láti ọ̀nà Igbó-Ọrà, lẹ́yìn náà eruku, kí jíìpù dúdú kan tó yọ. Ọnarébù wọ Ayétẹ̀ nìyẹn. Ẹ má bi mí pé ilé ìgbìmọ̀ wo ló ti ṣe é. Ó du ipò káńsẹ́lọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó fìdí rẹmi, orúkọ ló ṣẹ́kù sí i lára bí pósítà ìbò ṣe ń ṣẹ́kù sára ògiri.

Ọ̀rọ̀ jíìpù ni mo fẹ́ sọ. Nígbà tó kọ́kọ́ gbé e wálé, ó ní Land Cruiser 2008 ni, tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà. Òótọ́ ni. A jẹ ẹran, a kí i kú oríire. Ọdún díẹ̀ kọjá, jíìpù dé pẹ̀lú ojú mìíràn, ó ní 2012 ni. Lẹ́yìn ìyẹn, iná iwájú yàtọ̀, bọ́nẹ́ẹ̀tì náà yàtọ̀, ó di 2016. Nọ́ńbà kan náà ni, tẹ̀súbáà kan náà ló sì ń mì lábẹ́ díńgí. Ọdún tó di 2016 yẹn ni irun Ọnarébù tó ti ń funfun di dúdú kirikiri.

Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ ọ́n. Ọjà Ládípọ̀ ní Mushin ni wọ́n ti ń ra ojú ọkọ̀: bọ́ńpà, gírìlì, iná, bọ́nẹ́ẹ̀tì. Páńẹ́lì bítà á tú ti àtijọ́ kúrò, á gbé tuntun wọ̀ ọ́. Upgrade ni wọ́n ń pè é. Toyota fúnra wọn ló sì là á lọ́nà. 2007 ni jíìpù tí wọ́n ń pè ní 200 yìí jáde, 2021 ni 300 tó gbapò rẹ̀. Fún odindi ọdún mẹ́rìnlá, ojú ni wọ́n ń tún ṣe ní Jàpáánì, agbárí kan náà ló wà lábẹ́ rẹ̀.

Bàbá ńlá jíìpù yìí, tí wọ́n ṣe lọ́dún 1951, ó gun òkè Fuji dé ibùdó kẹfà kí ayé lè rí agbára rẹ̀. Ti Ọnarébù kì í tẹ ẹrẹ̀. Bó bá fẹ́ lọ wo oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀, ọ̀kadà ló ń gùn, yóò sì fi tapólì bo jíìpù sílẹ̀ bí ìyàwó tuntun.

Iléyá tó kọjá yìí ló wá bọ́ sí gbangba. Jíìpù tún ti pààrọ̀ ojú. "2022 ni o, 300 gan-an," ni Ọnarébù wí, ó sì fọwọ́ lu bọ́nẹ́ẹ̀tì. "V8 ni!" Ọmọ mẹkáníìkì kan wo ilẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín sínú. Kò sí V8 nínú 300; V6 ni Toyota fi rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún ẹni tó ń pín ẹran?

Ọmọ àbúrò rẹ̀ kan, kò ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ, ti gun ìjókòó iwájú. Ó ń fa bẹ́líìtì bọ̀, ó fà á títí ó fi tán, ó sì rí aṣọ funfun pélébé kan tí wọ́n rán mọ́ ìdí rẹ̀. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé kà, kò sí ohun tí kì í kà sókè.

"Dádì, wọ́n kọ 2007 síbí!"

Gbogbo àgbàlá dákẹ́. Ọnarébù wú ikọ́. "Nọ́ńbà fóònù wọn nìyẹn," ló wí. "Sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ jàre."

Bàbá arúgbó kan tó ń jẹ obì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kò rẹ́rìn-ín. Ó nu ẹnu, ó pa ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀.

"Ọnarébù ọmọ mi, eélòó ni wọ́n ń ta ojú níbi tí o ti ń rà á?"