Títà àbí Títúnṣe?

Nígbà tí ọjà Ẹ̀jìnrìn gbajúmọ̀ létí ọ̀sà, ọkọ̀ ojú omi ló ń kó èrò lọ síbẹ̀. Kò ní gáàsíkẹ́ẹ̀tì tó lè jó.

Ẹni tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá nọ́ọ̀kì lọ́nà Ẹ̀pẹ́ lónìí ti wọ wàhálà. Mẹkáníìkì á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, á mi orí bí babaláwo tí ifá burúkú jáde sí lọ́wọ́: “Ọ̀gá, ó di Ládípọ̀.” Ọjà Múṣin nìyẹn, níbi tí ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ ti pọ̀ lọ jàra.

Volkswagen Ìjàpá tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Ọ̀jọ́ ní 1975 sàn díẹ̀: afẹ́fẹ́ ló ń mú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tutù, kò ní rédíétọ̀ tí yóò jò.

Títà ọkọ̀ tó nọ́ọ̀kì ńkọ́? Oníbàárà á ná an níye irin àlòkù. Ìgbà yẹn ni ọlọ́kọ̀ á rántí pé táyà òun ṣì tuntun.