Oríkì Gọ́tà Àdúgbò Wa

Kábíyèsí Gọ́tà, mo dọ̀bálẹ̀ o. Àyà mi kò kanlẹ̀, ẹ má bínú. Ẹ̀yin náà mọ ohun tó wà nílẹ̀.

Adí-má-ṣàn, ọkọ òjò!
Agbé-má-dàá-padà, ọ̀rẹ́ oníbàtà!
Abikùn-gbàgẹ̀rẹ̀ tí í jẹ tàárọ̀, tí í jẹ tọ̀sán, tí nǹkan kan kì í dà nínú rẹ̀.
Ó dúdú bí ìdí ìkòkò, ó rùn dé ojúlé kẹfà.
Wọ́n ní kí omi kọjá, ó lóun ò gbà. Omi gba yàrá wa kọjá.

Àwọn ọba mìíràn a máa jogún oyè lọ́wọ́ baba wọn. Ẹ̀yin kọ́. Wọ́n gbẹ́ yín ní kòtò lásán, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n sì rán yín: kí ẹ sin omi òjò dé odò. Àwa ará àdúgbò la wò ó pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò yẹ ní ìránṣẹ́ omi. A fi ọ̀rá píọ̀ wọ́tà dé yín ládé. Ìlédìí ọmọ ìkókó la fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn yín, ike ẹlẹ́rìndòdò la fi ṣe ìrùkẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, ẹ kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ọba wo ló ń ṣiṣẹ́?

Oúnjẹ yín ló wá yà mí lẹ́nu jù. Láti Kánò ni tòmátì ti ń gun tírélà bọ̀ wá kí yín. Apẹ̀rẹ̀ gun apẹ̀rẹ̀, tòkè ń tẹ tìsàlẹ̀, oòrùn ń pa wọ́n lójú ọ̀nà. Kí ọkọ̀ tó dé ọjà Ṣáṣá níhìn-ín n'Íbàdàn, èyí tó wà nísàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀ ti di ọbẹ̀ láìrí ìkòkò. Ẹni tó gbìn ín kò jẹ ẹ́. Ìyá tó rà á láti tà kò jèrè rẹ̀. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, wọn a da ẹ̀ṣà síwájú yín, tàtàṣé tó ti rọ̀ a tẹ̀ lé e. Ilé ìnáwó náà kò gbàgbé yín: ìrẹsì tí àlejò fọwọ́ kàn lẹ́ẹ̀kan, mọ́ínmọ́ín tó kan, gbogbo rẹ̀ ẹ̀yin lẹ ni ín. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣírò oúnjẹ tí aráyé dà nù ní 2022, ó jẹ́ tọ́ọ̀nù bílíọ̀nù 1.05, inú ilé olúkúlùkù lèyí tó ju ìdajì rẹ̀ sì ti wá, kì í ṣe ọjà. Èmi ò rò pé wọ́n ka ẹ̀bà àná ilé wa mọ́ ọn.

Ẹ kì í kàn jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ máa ń sè é. Mo ti dúró létí yín lọ́sàn-án gangan, tí omi yín ń hó, pọ̀ọ́, pọ̀ọ́, láìsí iná lábẹ́. Mo kọ́kọ́ pè é ní idán. Àwọn onímọ̀ ní kì í ṣe idán: oúnjẹ tó bá jẹrà nínú ẹrẹ̀ tí atẹ́gùn kò ráàyè wọ̀ ló ń tú afẹ́fẹ́ mẹ́tẹ̀ènì sókè, láàárín 20 ọdún sì rèé, bí ìwọ̀n wọn bá dọ́gba, mẹ́tẹ̀ènì a máa mú ayé gbóná ju kábọ́ọ̀nù dáyọ́ọ́sáìdì lọ ní ìlọ́po tó lé ní 80. Bí afẹ́fẹ́ bá sì fi ìwọ̀n Celsius kan ṣoṣo gbóná sí i, omi tó lè gbé lójú sánmà a fi nǹkan bí ìdá 7 nínú 100 pọ̀ sí i. Ẹ wo ọgbọ́n ọba! Ẹ ń fi ẹ̀ṣà tòmátì se òjò. Òjò jinná tán, ó ń bọ̀ wálé, ẹ wá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Àwa la ń gbà á lálejò, orí bẹ́ẹ̀dì ló sì ń sùn.

Agbára yín kò lẹ́gbẹ́. Àgbàrá yín ló ju agbára yín lọ.

Ìdílé ńlá lẹ sì ti wá. Ẹ̀gbọ́n yín ni odò Ògùnpa, tí wọ́n fi ìdọ̀tí dí lọ́nà ọ̀fun, tí wọ́n kọ́lé sí létí títí kò fi ríbi yà sí, tó wá ya bo Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980. Àwọn tó bá a lọ lé ní igba. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, omíyalé mìíràn tún kó èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún lọ nílùú kan náà. Ẹ jẹ́ kí n gbé ìlù sílẹ̀ díẹ̀ níbí. Mo mọ ilé tí wọn kì í fi òjò oṣù kẹjọ ṣàwàdà.

Ó dáa. Onílù, ó yá.

Arìnrìn-àjò ọjọ́ Sátidé ìmọ́tótó! Láti ayé Bùhárí àti Ìdíàgbọn, nígbà tí wọ́n dá WAI, ogun tí wọ́n gbé ti ìwà àìníjàánu, sílẹ̀ ní 1984, la ti ń gbé ṣọ́bìrì kò yín lójú. Aago méje àárọ̀, a ó fa yín jáde, a ó tẹ́ yín sí etí títì kí ẹ yá oòrùn díẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, òjò á rọ̀, ẹ ó tún rọra wọ ààfin padà, ẹ ò ní sọ kọ́bọ̀ nù nínú ẹrù yín. Wólewólé ayé àtijọ́ ì bá rí yín, ì bá sunkún.

Ọba kì í ṣí orí sílẹ̀, ẹ̀yin nìkan lẹ kì í dé fìlà. Sìláàbù mẹ́fà ló wà lórí yín nígbà kan. Ọ̀kan di àtẹ̀gùn ní ẹnu ọ̀nà ẹnìkan tí n kò ní dárúkọ. Ó ṣáà mọ ara rẹ̀. Nítorí yín, àwọn ọmọ iléèwé kò ríbi rìn mọ́ létí títì, àárín ọ̀nà ni wọ́n ń gbà. Takisí Mikirà á fun fèrè, ọmọ á fò, ẹ ó sì la ẹnu sílẹ̀ dè é. Ọlọ́kadà tó wọlé kí yín lóru ọjọ́ kan, èjìká rẹ̀ ṣì ń dùn ún.

Kábíyèsí, ọ̀tẹ̀ ń bẹ láàfin. N kò fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ìyá aláta tó ń bọ́ yín láti ọjọ́ pípẹ́ wá ti dáwọ́ dúró. Ó ń ṣa ẹ̀ṣà lọ́sàn-án. Èyí tó ṣì dára díẹ̀, ó ń lọ̀ ọ́, ó ń sè é gbẹ. Èyí tó ti bàjẹ́ ń wọ inú àpò, ẹlẹ́dẹ̀ kan sì ń fi ọmọlanke wá gbé e ní ìrọ̀lẹ́. Ẹlẹ́dẹ̀ tí mo wí yìí, ẹni tó ń sin ín ni o. Mo bi ìyá náà bóyá torí ojú ọjọ́ tó ń yí padà ni. Ó wò mí tìkà-tẹ̀gbin. Ó ní, “Ṣé òrìṣà ni gọ́tà, tí n ó máa fi ata bọ ọ́?” Àwọn aláta mẹ́ta mìíràn ti ń ṣe bíi tirẹ̀.

Onílé àti ayálégbé ń dáwó símẹ́ǹtì. Àwọn ọ̀dọ́ ti kun táyà àlòkù ní funfun, wọ́n tò ó sí etí yín kí ọlọ́kadà lè rí i lóru. Ẹrẹ̀ tí wọ́n kó kẹ́yìn kò tiẹ̀ sùn sí etí títì, ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n gbé e lọ. Ìwà àìlójú-àánú gbáà! Mo sì gbọ́ pé Sátidé tó ń bọ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ dé sìláàbù lé yín lórí.

Nítorí náà ni mo ṣe sáré wá. Akéwì kì í ki ọba kó lọ lọ́wọ́ òfo. N kò béèrè ẹṣin, n kò béèrè agbádá. Bàtà mi ti òsì tó wọlé sí yín lọ́rùn lóru òjò ọjọ́sí ni mo fẹ́. Tọ̀tún ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo fọ̀ ọ́, mo fi òróró pa á, mò ń retí ìkejì rẹ̀.

Ẹ dá mi lóhùn, Kábíyèsí.

Pọ̀ọ́.