Míítà Tó Ń Làágùn

Nígbà òjò, omi kì í bi wá kó tó wọlé ní Sango-Ota. Ẹ bojú wo dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀ àtijọ́ yín, gíláàsì míítà náà ń làágùn.

Ìbáà ṣe MGB tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe láàárín 1962 sí 1980, ìbáà ṣe Peugeot 504 tí wọ́n tò ní Kaduna, ọ̀rọ̀ kan náà ni: rọ́bà tó yí gíláàsì ká ti gbó, atẹ́gùn ọlọ́rinrin ti ráyè wọlé. Bí gíláàsì bá tutù, ọ̀rinrin á di omi, ẹ ò sì ní mọ iye eré tí ẹ ń sá. Kò kúkú burú. Láàárín àwọn tírélà ilé-iṣẹ́ Ọ̀tà, ta ló ń sáré?

"Dádì, ẹ fọkàn balẹ̀," ni rẹ́wáyà wí, ló bá fa sílíkóònù yọ. Ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀! Ihò kékeré ẹ̀yìn míítà ni ọ̀rinrin ń gbà jáde. Bó bá dí i, omi ti di ayálégbé tí kò ní kó jáde mọ́. Òun náà ló yọ gílóòbù àtijọ́, tí ooru rẹ̀ ń gbẹ míítà, tó fi LED tútù sí i.

Kó rọra ṣí gíláàsì, kó jẹ́ kó gbẹ, kó pààrọ̀ rọ́bà. Kó má fi àkísà elépẹtiróòlù nu ojú míítà o, nọ́ńbà á bá a lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ yẹ rọ́bà wíńdísíkíríìnù wò: ibẹ̀ lomi sábà máa ń gbà wọlé.