Ẹ Dá Afẹ́fẹ́ Robert Padà: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Sir Ben Ainslie

Sir Ben, ẹ kú ewu omi o. Ọba Òyìnbó ti fi yín joyè, góòlù 4 àti fàdákà 1 ló sì wà lọ́rùn yín láti inú eré ọkọ̀ onígbòkun ní Òlíḿpíìkì. A ò bá yín jiyàn. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní: kí ni Robert Scheidt, ọmọ Brazil, fi ṣe yín tí ẹ fi ṣe é bẹ́ẹ̀ ní Sydney lọ́dún 2000?

Ẹni tí kò mọ eré yìí á rò pé ẹni tó bá yá jù ló ń borí. Ó ti o! Ẹni tí máàkì rẹ̀ kéré jù ni. Ipò kìíní, máàkì 1. Ipò ogún, máàkì 20. Wọ́n á ro máàkì gbogbo ìje pọ̀, wọ́n á sì yọ èyí tó burú jù dànù. Ẹ ti ṣírò gbogbo ẹ̀ tán kí ẹ tó wọ omi lọ́jọ́ ìkẹyìn: bí Robert bá ti lè rẹ̀yìn gan-an, tiyín ni góòlù. Ni ẹ bá pa eré tì, ẹ gbájú mọ́ ènìyàn. Ẹ lọ dúró síbi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀, ìgbòkun yín gbà á tán, èyí tó kù fún Robert kò tó mi ewé. Ó yà sọ́tùn-ún, ẹ yà. Ó yà sósì, ẹ ti wà ńbẹ̀ bí olówó èlé. Àwọn yòókù ti lọ, ẹ̀yin méjèèjì ṣì ń tò lẹ́yìn. Nígbẹ̀yìn, àwọn adájọ́ tún dá Robert lẹ́bi.

Mo mọ̀ pé ẹ máa dárúkọ Savannah. Òótọ́ ni: ní Òlíḿpíìkì ọdún 1996 níbẹ̀, ẹ ò ju ọmọ ọdún 19 lọ, Robert mọ̀ọ́mọ̀ gbéra kó tó tó àkókò, ẹ̀yin náà tẹ̀ lé e, wọ́n fagi lé ẹ̀yin méjèèjì, góòlù sì bọ́ sí Robert lọ́wọ́ torí máàkì rẹ̀ ló kéré jù. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rin lẹ fi di nǹkan yìí sínú, bàbá!

Òlíḿpíìkì ọdún 2012 ní Weymouth ńkọ́? Ipò kẹsàn-án nínú ọkọ̀ 10 lẹ ṣe lọ́jọ́ àṣekágbá, ẹ ṣì gba góòlù, torí pé Jonas Høgh-Christensen ti Denmark, tí ẹ ń ṣọ́, ló ṣe ìkẹwàá.

Èmi ò pè é ní òjóró o. Òfin fàyè gbà á. Àmọ́ ní Athens lọ́dún 2004, ẹ ti bọ́ sínú ọkọ̀ Finn, ẹ fi Laser, irú ọkọ̀ tí ẹ̀yin méjèèjì jọ ń wà tẹ́lẹ̀, sílẹ̀ fún Robert. Góòlù ló gbà.

Èmi ni,
Ẹni tó wà lẹ́yìn Robert