Oríkì Ihò Òfìfo tó Ń Gbé Òkè Akínmọ̀ọ́rìn

Ẹ lù ú! Dùndún nìkan kò tó, ẹ mú bàtá mọ́ ọn. Ẹni tí mo fẹ́ kì kò ní ẹsẹ̀ tí yóò fi jó, ẹ ṣáà máa lù.

Ihò, ọmọ àṣálẹ́!
Òfìfo tó fẹ̀ ju gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ Afijio lọ,
Aláìníkanńkan tó gba ojú ọ̀run kan.
O kò ní apá, o ń gòkè;
O kò ní ẹnu, o ń já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rédíò.
Ihò ń lọ, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ń tẹ̀ lé e pẹ̀lú gègé!

Mo ti gbọ́ oríkì ọba, mo ti gbọ́ ti ọdẹ, wọ́n kì ẹfọ̀n, wọ́n kì ọ̀bọ. Ìwọ nìkan ni wọ́n fojú fò, o sì ń gba orí wa kọjá. Ẹ ò rí i pé ayé kò mọ iyì èèyàn ńlá?

Bí oòrùn bá ti wọ̀ ní Akínmọ̀ọ́rìn, tí àwọn ọlọ́jà ń palẹ̀ mọ́, tí ọkọ̀ tó ń ti Ọ̀yọ́ bọ̀ tan iná, ìgbà náà ni ìwọ ń wọ agbádá. Lókè lọ́hùn-ún, ní nǹkan bí 300 kìlómítà, ìpele kan wà tí ìtànṣán oòrùn ti fọ́ afẹ́fẹ́ ibẹ̀ wẹ́wẹ́, tó fi gba iná mọ̀nàmọ́ná sára. Ionosphere ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń dá ìgbì rédíò ọ̀nà jíjìn padà sílẹ̀ fún wa. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, ìsàlẹ̀ rẹ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ ti nípọn, á tètè pàdánù iná, òkè rẹ̀ kò sì ní í tíì pàdánù tirẹ̀. Ohun tó wúwo wá gun orí ohun tó fúyẹ́. Ibi tí wọ́n ti ń du ipò ni ìwọ ti ń yọ́ gòkè láàárín wọn, tí o fi ń kọjá 1,000 kìlómítà nígbà mìíràn. Ohun tó wà nínú rẹ kò tó nǹkan. O tóbi, o ṣófo, o sì wà lókè: mo mọ àwọn tí kò ní ju mẹ́ta yìí lọ tí wọ́n fi wọlé ìbò.

Àwọn onímọ̀ méjì, Booker àti Wells, ló kọ́kọ́ ròyìn iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ní ọdún 1938, láti Huancayo ní ilẹ̀ Peru. Wọ́n rán ìgbì rédíò sókè, ó padà wá ní fífọ́nká. Ìbàdàn tó wà nítòsí wa yìí náà dẹ ẹ̀rọ sí ọ. Nígbà tí gbogbo ayé para pọ̀ láti wádìí ilẹ̀ àti òfurufú ní 1957 sí 1958, Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì ibẹ̀ wà lára àwọn tó ń ṣọ́ ojú ọ̀run. Ní 2008, Amẹ́ríkà fi sátẹ́láìtì C/NOFS ránṣẹ́ sókè, kó lè máa sọ tẹ́lẹ̀ ìgbà tí wàá dé. Ní 2015 ó já bọ́. Ìwọ ṣì wà níbẹ̀.

Kí ni wọn kò tíì mọ̀? Wọ́n mọ ohun tó ń bí ọ. Wọ́n mọ̀ pé ní ilẹ̀ wa, o fẹ́ràn nǹkan bí oṣù Kẹta sí Kẹrin, àti Kẹsàn-án sí Kẹwàá. Wọ́n mọ̀ pé ọdún tí oòrùn bá ń bínú ni o ń pọ̀. Ṣùgbọ́n alẹ́ wo gan-an? O jáde lónìí. Lọ́la, oṣù kan náà, oòrùn kan náà, o kò yọjú. Ìwọ lo kọ́ télọ̀ ìgbà ọdún Iléyá ní "ó di lọ́la"!

Apani-ní-rédíò! Bàbá àgbà ń gbọ́ ìròyìn òkèèrè ní Ìlọrà, o fi "ṣàà" sí i lẹ́nu. Àmì GPS ń ti 20,200 kìlómítà bọ̀, ó dé ọ̀dọ̀ rẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. (Kí n má purọ́ mọ́ ọ: n kò tíì gbọ́ pé awakọ̀ kankan sọnù láàárín Fìdítì sí Akínmọ̀ọ́rìn nítorí rẹ.)

Èyí kan wà tí n kò ní í kì ọ́ fún. Ní oṣù Kẹta ọdún 2002, lórí òkè Takur Ghar ní Afghanistan, wọ́n kìlọ̀ fún hẹlikọ́pítà Amẹ́ríkà kan lórí rédíò pé kó má balẹ̀ sórí òkè náà. Ìkìlọ̀ náà kò dé etí àwọn tó wà nínú rẹ̀, ẹ̀mí sì bọ́. Ní 2014, àwọn onímọ̀ kan kọ ọ́ pé ó ṣeé ṣe kí ọwọ́ rẹ wà níbẹ̀. Ẹ dá ìlù dúró díẹ̀.

Ó tó, ẹ máa lù ú lọ. Oyè ló kù. Mo fẹ́ fi ọ́ jẹ Ààrẹ Ṣófoṣófo. Mo ti wá aṣọ, mo ti wá àga, mo ti bẹ àwọn olóúnjẹ. Ọjọ́ wo ni kí n kọ sínú ìwé ìpè? Ṣé oṣù Kẹta ni, àbí Kẹwàá? Dáhùn kíákíá o, àwọn onílù ti ń béèrè owó àsansílẹ̀.