Orí Bíbẹ́ Ti Di Oògùn Orí Fífọ́

Àwọn àgbà ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹ dárí jì wọ́n, wọn ò gbé ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì rí. Lóde òní, kí ọkọ̀ ṣáà kú lẹ́ẹ̀mejì lójú pópó, ìdájọ́ ti délẹ̀: "Ọ̀gá, brain box ti lọ. Ẹ jẹ́ ká yọ ọ́." Kọ̀ǹpútà tó ń pín epo fún ẹ́ńjìnnì, tó ń sọ ìgbà tí púlọ́ọ̀gì máa ta iná, òun ni wọ́n kọ́kọ́ ń bẹ́.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń "scan" ló kì wọ́n láyà. Láti orí ọkọ̀ ọdún 1996 ni òfin Amẹ́ríkà ti sọ ihò OBD-II di dandan lára ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun, tokunbo sì gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹni tó bá ti rí ẹ̀rọ kì bọ̀ ọ́ ti di dókítà. P0335 jáde. Ohun tí kóòdù yẹn ń wí ò ju pé ìròyìn sẹ́ńsọ̀ kíráǹkì ò dé bó ṣe yẹ. Kò sọ bóyá sẹ́ńsọ̀ ló kú, àbí eku ló jẹ wáyà. Dókítà ra sẹ́ńsọ̀ tuntun, iná "check engine" tún tàn. Ó mi orí: "Mo ti sọ, brain box ni."

Rìwáyà tó mọṣẹ́ kì í kánjú. Mítà ló ń kọ́kọ́ gbé jáde. Bátìrì tó yó máa ń fi nǹkan bíi volt 12.6 hàn kí ẹ́ńjìnnì tó ṣiṣẹ́. Bó bá ti ń ṣiṣẹ́, ó yẹ kó gun 13.5 sókè. Ó tú nọ́ọ̀tì wáyà áàtì tó so bátìrì mọ́ ara ọkọ̀, ó bá ìpẹtà lábẹ́ rẹ̀, ó fi sáńpépà họ ọ́. Ó wá wo volt 5 tí brain box ń fi ránṣẹ́ sí àwọn sẹ́ńsọ̀. Bí ẹyọ kan nínú wọn bá ṣọ́ọ̀tì, ó lè gba volt náà mọ́ àwọn yòókù lọ́wọ́, brain box á wá ṣe bí òkú. Á máa yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó yọ tí 5 fi padà dé, ọ̀daràn nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ sanwó ìyẹn? "Wáyà méjì lo kàn fi kan nǹkan, o ń bèèrè owó!" Ọ̀gá kan náà á ka owó gọbọi sílẹ̀ tayọ̀tayọ̀ ní ọjà Ládípọ̀ fún brain box tokunbo, torí ó rí nǹkan gbé dání. Ọpọlọ ọkọ̀ la ń rówó rà. Ti ẹni tó ń tún un ṣe, ọ̀fẹ́ la fẹ́.

Wọ́n de ti tuntun, ọkọ̀ ò tilẹ̀ sítáàtì mọ́: àjèjì ò dá kọ́kọ́rọ́ mọ̀. Wọ́n wá ẹni tó máa fi àwọn méjèèjì mọra, owó tún jáde. Níbi tí wọ́n ti ń dì í padà, ọmọ iṣẹ́ kan rí wáyà áàtì tó tú, ó dè é pinpin. Ọkọ̀ bú ramúramù. Gbogbo wọn pariwo: "Ṣé ẹ rí i? Brain box ni!"

Ti àtijọ́ ńkọ́? Wọ́n ti fi bẹntiróòlù nù ún, ó ti ń dán lórí káńtà. Oníbàárà tó máa rà á ti wà lọ́nà. Wọ́n ń fi okùn fa ọkọ̀ rẹ̀ bọ̀.